Ìgò Tí Wọ́n Kọ IYA Sí Lórí

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti dàgbà, tí ẹ ṣì ń pè é lórí fóònù láti béèrè bóyá ó ti jẹun, ẹ súnmọ́ mi. Ọ̀rọ̀ wa ni mo fẹ́ sọ. Tí ẹ bá fi mí rẹ́rìn-ín, n kò ní bínú. Èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn tí mo sunkún tán.

Orúkọ mi ni Àṣàbí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ kí n tó fẹ̀yìntì. Èdè Yorùbá ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ, àmì ohùn ni mo sì fi ń dá wọn lágara. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí àmì ohùn padà wá gbẹ̀san lára mi.

Bàbá Mojíre ti sinmi. Èmi àti Mojíre, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, la kù nínú ilé tí bàbá rẹ̀ kọ́ ní àdúgbò Mayfair. Mojíre ti pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ó kàwé gboyè nípa ohun ọ̀gbìn, iṣẹ́ tó sì rí ni iṣẹ́ koríko.

Bẹ́ẹ̀ ni o. Koríko.

Ọjọ́ tó sọ fún mi, mo ní láti jókòó. Ní agboolé wa ní Ìrẹ̀mọ, bí àwọn àgbà bá ń ṣàdúrà, wọ́n á ní, "Koríko ò ní hù lójúde wa," gbogbo wa á sì ṣe àmín kíkankíkan. Ilé tí koríko bá hù lójúde rẹ̀, ilé tí èèyàn ti tán níbẹ̀ ni. Ìyá mi máa ń gbálẹ̀ láàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi máa dán bí àwo. Ọmọ tí mo bí wá ní koríko ni òun fẹ́ máa gbìn jẹun.

"Màmi, koríko ọ̀ṣọ́ ni," ó ní. "Èyí tó ń bo ilẹ̀ kí àgbàrá má baà wọ́ ọ lọ. Èyí tó ń jẹ́ kí iwájú ilé rẹwà."

"Tí wọ́n bá fẹ́ koríko, kí wọ́n má roko fún ọ̀sẹ̀ méjì. Á hù fúnra rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

Láàbù kékeré kan ní ọ̀nà Ẹdẹ ló ti ń ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Láoyè ló dá a sílẹ̀. Wọn kì í fúnrúgbìn níbẹ̀. Wọ́n á gé bíńtín lára koríko, kò ní ju ìdajì èékánná lọ, wọ́n á gbé e sínú ìgò tí oúnjẹ tó dì bí ẹ̀kọ tútù wà nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á sì dé e pa. Bíńtín yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ nínú ìgò. Wọ́n á pín àwọn ọmọ sínú ìgò mìíràn, àwọn náà á tún bímọ. Ẹyọ kan á di ọgọ́rùn-ún, láìsí erùpẹ̀, láìsí òjò.

"Àfi kí ìdọ̀tí má ti wọlé," Mojíre máa ń sọ. "Èémí ẹnu wa pàápàá, májèlé ni fún wọn."

Mo máa ń mi orí. Ẹ̀yin náà mọ irú orí tí à ń mì tí ọ̀rọ̀ kò bá wọlé.

Ní oṣù kẹta ọdún yìí, tíráńsífọ́mà àdúgbò láàbù wọn bú gbàù, jẹnẹrétọ̀ wọn náà sì dákú. Ìgò koríko kò fẹ́ ooru, kò sì fẹ́ òkùnkùn. Ilé tiwa ní sólà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Mojíre gbé páálí kan wọlé bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìgò méjìlá ló wà nínú rẹ̀. Ó tò wọ́n sórí tábìlì ìkàwé bàbá rẹ̀, ó sì tan iná sí wọn lórí.

"Màmi, ẹ wò mí lójú."

Mo wò ó lójú.

"Èmi àti Dókítà ń lọ sí Ìbàdàn lọ́la láti lọ ra jẹnẹrétọ̀ tuntun. Ọjọ́ Jímọ̀ la máa dé. Koríko pupa tó wà nínú ìgò wọ̀nyí, ilé ìtura kan ló ń dúró dè é, kò sì sí òmíràn ní gbogbo láàbù. Dókítà ní tí wọ́n bá yè títí di ọjọ́ Jímọ̀, òun á fi mí ṣe ọ̀gá yàrá ìgò. Tí wọ́n bá kú, kí n lọ wá iṣẹ́ mìíràn."

"Wọn ò ní kú lórúkọ Jésù."

"Àmín. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ má ṣí wọn. Ẹ má gbé wọn kúrò lábẹ́ iná. Mo ti sọ fún Dókítà pé tíṣà ni yín, pé ẹ mọ òfin."

Ó fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, ó ti lọ.

Mo wọ gíláàsì mi, mo lọ kí àwọn àlejò mi. Mojíre ti fi kálámù dúdú kọ nǹkan sórí ìdérí wọn, ní lẹ́tà ńlá, láìsí àmì ohùn kankan. Mo pòṣé. Mẹ́jọ nínú wọn, OMO ló kọ sí wọn. Mẹ́rin yòókù, IYA.

Ọkàn mi yọ́ bí òrí.

Ọmọ mi ti pín in! OMO ni tirẹ̀, ìyẹn ti iṣẹ́. IYA ni tèmi. Ó fẹ́ fi ṣe mí ní ìyàlẹ́nu tó bá dé ni kò ṣe sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n má purọ́ fún yín. Igun kan nínú ọkàn mi mọ̀. Ọmọ tó ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan, ṣé nǹkan náà ló tún máa fi ta mí lọ́rẹ? Ṣùgbọ́n igun yẹn kéré, ohùn rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ìgò tí wọ́n kọ IYA sí ló ń pariwo.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Sẹ̀kínát dé.

Èmi àti Àlájà Sẹ̀kínát la jọ ṣe tíṣà nílé-ẹ̀kọ́ kan náà fún ọdún méjìdínlógún. Modákẹ́kẹ́ ló ń gbé, ó sì ń fi yàrá háyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láti ọdún tó kọjá tó ti gbin koríko kápẹ́ẹ̀tì síwájú ilé rẹ̀, kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́. Ẹni bá fẹ́ wọlé rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba etí ògiri bí olè.

"Àṣàbí, iwájú ilé rẹ ṣì rí báyìí?" ó ní kó tó jókòó. "Eruku ló kí mi káàbọ̀."

"Eruku ò bí ọ nínú nígbà tí a jọ ń ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń gbálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́."

"Ayé ti lajú. Tèmi báyìí, tí o bá rí i láàárọ̀, ìwọ náà á fẹ́ kírun lé e lórí. Ó mà ṣe o, pé iṣẹ́ koríko ni Mojíre ń ṣe, síbẹ̀ ilé ìyá rẹ̀ gbẹ bí ìpẹ́pẹ́ ẹja."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo dìde, mo fà á dé ibi tábìlì.

"Tìrẹ àwọ̀ ewé ni. Àwọ̀ ewé wà níbi gbogbo. Wá wo pupa."

Sẹ̀kínát tẹ̀ síwájú. Nínú ìgò, koríko kéékèèké dúró wìnrìnwìnrìn, ewé wọn pupa bí osùn. Ó fẹ́ẹ̀ fi imú kan ìgò. Lẹ́yìn náà ló nàka.

"OMO? Ṣé ìgò ọṣẹ ni?"

"Ọmọ ni, ìwọ tíṣà yìí. Ti Mojíre ni. Àwọn wọ̀nyí ni tèmi. Kà á."

"Ìyá," ó kà á. "Ó kọ orúkọ rẹ sí i! Áà, Mojíre mọ ìyá rẹ̀."

"Kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo Modákẹ́kẹ́."

"Ṣé ó wá pọ̀ kárí Ifẹ̀ ni?"

Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti ṣáájú mi lọ. "Mú ọ̀kan," ni mo wí. "Mẹ́rin ni mo ní. Kí lèèyàn fẹ́ fi mẹ́rin ṣe?"

Ó fi gèlè rẹ̀ wé ìgò náà, ó gbé e lọ. Inú mi dùn títí di alẹ́. Ó ku mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo rí i pé inú ìgò mẹ́ta yẹn ti kún fún omi wẹ́wẹ́. Àwọn koríko náà ń làágùn. Mo wò wọ́n títí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ fi ara yín sí ipò mi: ọmọ jòjòló, nínú ìgò tí wọ́n dé pa, nínú ooru oṣù kẹta. Ta ló lè rí i kó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan?

Mo ní màá kàn ṣí wọn díẹ̀, kí atẹ́gùn fẹ́ sí wọn.

Mo ṣí ti àkọ́kọ́. "Ẹ pẹ̀lẹ́," ni mo wí fún wọn. "Ẹ kú ìrọ́jú. Wọ́n dé yín mọ́lẹ̀ bí ọbẹ̀ àná." Mo fẹ́ ẹnu sí wọn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná fún ọmọ. Mo ki oríkì Mojíre fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí ẹ̀jẹ̀ Mojíre ni mo kà wọ́n sí. Mo wá fi ìka ọwọ́ mi pa wọ́n lórí. Ìka náà mọ́ dáadáa o. Ẹ̀pà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bó tán.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì dé wọn padà. Kò sí ẹni tí inú rẹ̀ dùn jù mí lọ ní Ifẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mojíre pè nírọ̀lẹ́. "Màmi, báwo ni wọ́n?"

"Wọ́n ń kí ọ."

"Ẹ ò fọwọ́ kàn wọ́n?"

"Mojí, ṣé èmi àti ìwọ la jọ máa ń jìyàn?"

Ẹ rí i pé n kò purọ́ níbẹ̀. N kò kàn dáhùn ni.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo rí i. Nǹkan funfun kan, bí òwú, ti bo ìdí koríko nínú ìgò àkọ́kọ́. Nínú ìkejì, ó ti gùn ún dé ọ̀rùn. Ìkẹta ti bu pátápátá, dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò, ewé pupa náà sì ti dọ̀bálẹ̀ sínú rẹ̀. Ibi tí ìka mi kàn gan-an ni òwú náà pọ̀ sí jù.

Mo wo àwọn tí wọ́n kọ OMO sí. Wọ́n dúró ṣánṣán. Wọ́n pupa, wọ́n ń dán. Àwọn tí mo fẹ́ràn ló kú. Àwọn tí n kò wò rárá ló yè.

Fóònù dún. Mojíre ni.

"Màmi, ẹ tan fídíò kí n rí wọn. Mo lá àlá wọn."

"Fídíò? Dátà mi ti fẹ́ẹ̀ tán."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ránṣẹ́ sí yín."

Mo tan fídíò. Mo gbé fóònù mọ́ ìgò OMO kan pẹ́kípẹ́kí débi pé kò lè rí nǹkan mìíràn.

"Ó dára o! Àwọn ìyá ńkọ́?"

"Ìyá wà níbí, ó ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmi, ẹ ò ṣeé bá ṣeré. Ó dọ̀la."

Ó dọ̀la! Orí mi gbóná. Tí mo bá sọ òótọ́ lásìkò yẹn, bóyá nǹkan kì bá tí bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí ojú ọmọ mi bó ṣe ń rẹ́rìn-ín, n kò sì fẹ́ kó kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ fún ara mi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ẹ̀rù bà mí.

Mo da ohun tó wà nínú ìgò mẹ́ta náà sí ààtàn. Mo fọ̀ wọ́n. Mo jáde sí etí títì, mo wa koríko tútù kan tó jọ wọ́n díẹ̀, tí ẹni tí kò wọ gíláàsì lè fi pè wọ́n. Ó ku oúnjẹ wọn. Mo rántí sítáàṣì tí mo fi ń na ìró. Mo se é, mo dà á sínú ìgò, ó sì dì, ó ń tàn yanranyanran. Mo yin ara mi. Ó wá ku àwọ̀. Sóbò wà nínú fíríìjì. Mo rẹ koríko náà sínú sóbò fún wákàtí mẹ́ta, ó pọ́n. Mo gbìn wọ́n sínú sítáàṣì, mo dé ìdérí tí wọ́n kọ IYA sí, mo sì padà sẹ́yìn láti wò wọ́n.

Láti òkèèrè, ní ọ̀sán tí òjò ṣú, wọn kò burú.

Ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, mo gbọ́ ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Dókítà Láoyè ga, gíláàsì rẹ̀ wà lórí irun, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ìkúnlẹ̀ yẹn gún mi.

"Màmá, ẹ kú ìtọ́jú. Mojíre ò dákẹ́ nípa yín láti Ìbàdàn."

"Ẹ jókòó, Dókítà, ẹ mu omi tútù." Mo nawọ́ sí àga tó jìnnà jù lọ sí tábìlì.

Kò jókòó. Ó lọ tààrà sídìí tábìlì, ó ń gbé ìgò OMO lọ́kọ̀ọ̀kan sí ojú fèrèsé. "Ó mọ́. Ó mọ́. Èyí náà mọ́. Mojíre, o ṣeun." Mojíre ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá gbé ìgò IYA kan. Ó fa gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀ láti orí irun.

"Mojíre, wá bá mi wò ó. Ṣé ojú mi ni, àbí èèrà ló ń rìn nínú ìgò yìí?"

Èèrà ni. Èèrà kan ṣoṣo, kò kánjú, ó ń gun ewé koríko lọ sókè bí ẹni tó ra ilẹ̀ síbẹ̀. Ó dé orí ewé, ó dúró, ó wò wá, ó yí padà, ó ń sọ̀ kalẹ̀.

"Inú ìgò tí kòkòrò tí ojú kò lè rí pàápàá kò gbọdọ̀ dé," Dókítà sọ jẹ́jẹ́. "Èèrà."

Ó yí ìdérí. Ó dún pó! Òórùn ògì tí wọ́n gbàgbé sínú omi gba gbogbo pálọ̀. Ó fa koríko náà jáde, àwọ̀ pupa sì ṣàn sí i níka. Ó gbé ìka sí imú.

"Sóbò ni," ó ní. "Atalẹ̀ tiẹ̀ wà nínú rẹ̀."

Mojíre yí padà wò mí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wò mí. Ìkòkò sítáàṣì ṣì wà níbi tí mo ti ń ṣan abọ́, ojú rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó sì padà. Mo rí i pé ó ti mọ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ̀bi mi ni, mà."

"Ta ló ṣí wọn?"

"Ẹ̀bi mi ni, mà. Èmi ni mo ní kí á gbé wọn wá sílé. Èmi ni mo sì… èmi ni mo ṣí wọn kí n tó lọ."

Mo la ẹnu. Nǹkan kan kò jáde. Èmi tí mo máa ń dúró níwájú kíláàsì, tí mo máa ń ní, "Ẹni tó ṣe é, kó dìde!" Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Mo wo ilẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní.

"Àwọn ìyá ti kú," Dókítà sọ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó kó ìgò OMO sínú páálí. "Mojíre, má wá lọ́jọ́ Ajé. Bí mo bá fẹ́ rí ọ, màá pè."

Nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ lọ tán, mo retí kí ọmọ mi pariwo. Kò pariwo. Ó jókòó sórí àga bàbá rẹ̀.

"Mo rò pé o fi wọ́n ta mí lọ́rẹ ni," ni mo wí. "O kọ IYA sí wọn lórí."

"Màmi. Ìyá ni à ń pe èyí tí à ń gé ọmọ lára rẹ̀. Àwọn ọmọ ti ta gbòǹgbò, inú ilẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ìyá là ń tọ́jú sínú ìgò kó lè máa bímọ."

"Mo rò pé èmi ni."

"Ẹ rò pé ẹ̀yin ni." Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó lè bá a rẹ́rìn-ín, ó ti di ẹkún. Mo kúnlẹ̀ tì í, mo fi aṣọ mi nu ojú rẹ̀, ó sì gbà mí láàyè. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Kí n tó sọ̀rọ̀ mìíràn, ó gbé orí sókè. "Mẹ́ta ni mo rí. Ìgò kẹrin dà?"

"Mo fún Sẹ̀kínát."

"Ṣé ó ti ṣí i?"

Sẹ̀kínát, tó gbin kápẹ́ẹ̀tì? Ó ti gbìn ín. Kò sí bí kò ṣe ní gbìn ín. Ṣùgbọ́n mo ti ń wá bàtà mi.

"Mo ń tẹ̀ lé yín."

"Jókòó. Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹsẹ̀ mi ló máa rìn ín."

Ọ̀kadà ló gbé mi dé Modákẹ́kẹ́. Mo gba orí koríko Sẹ̀kínát kọjá, àárín rẹ̀ gbùngbùn.

"Àṣàbí! Bàtà! O ń tẹ koríko mi! Ṣé o ya wèrè ni?"

"Ìgò yẹn, ṣé o ti ṣí i?"

"Ìgò wo?"

"Sẹ̀kínát, ṣé o ti ṣí i!"

Ó fà mí wọlé. Lórí fíríìjì, lójú fèrèsé tó mọ́lẹ̀, ìgò náà jókòó sórí aṣọ tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe létí. Koríko inú rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ó pupa bí ojú oòrùn tó ń wọ̀.

"Kí n ṣí i kí eruku wọ̀ ọ́?" Sẹ̀kínát ní. "Nǹkan tó rẹwà tó báyìí? Látọjọ́ Ajé ni mo ti ń fi han àlejò. Mo tiẹ̀ ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi má mí sí i."

Mo jókòó sílẹ̀. Obìnrin tí mo ń pè ní agbéraga mọ ohun tí èmi kò mọ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹ̀pà dé orí sóbò. Nígbà tí mo dé ibi èèrà, ó fi ìró bo ẹnu. Nígbà tí mo dé ibi tí Mojíre ti ní òun ni òun ṣe é, ó ṣí ẹnu náà, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

"O dákẹ́?"

"Mo dákẹ́."

"Lójú rẹ?"

"Lójú mi."

Ó dìde, ó gbé ìgò náà. "Mo yọ̀ǹda rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa gbé e. N kò gbà gbọ́ pé o ò ní ṣí i lọ́nà. Ohun kan sì tún kù: sọ pé koríko Sẹ̀kínát ló dára jù ní Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́."

"Sẹ̀kínát, kì í ṣe àsìkò…"

"Sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Ó ní n kò sọ ọ́ dáadáa. Mo tún un sọ.

Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló gbé wa lọ sí láàbù, ìgò lórí itan Sẹ̀kínát, ó ń bá oníkẹ̀kẹ́ jà ní gbogbo kòtò. Jẹnẹrétọ̀ tuntun ti ń dún nígbà tí a dé. Dókítà Láoyè jáde sí wa. Mo kúnlẹ̀. Ó fẹ́ gbé mi dìde, mo kọ̀.

"Dókítà, èmi ni mo ṣí wọn. Èmi ni mo mí sí wọn. Èmi ni mo se sítáàṣì, èmi ni mo fi sóbò pa koríko láró. Mojíre kò mọ nǹkan kan. Ó purọ́ nítorí mi, mo sì jẹ́ kó pa irọ́ náà."

"Mo mọ̀, Màmá. Ẹni tó bá ti wọ láàbù mi rí kò ní fi sítáàṣì ṣe é."

"Ẹ wá lé e?"

"Torí pé ó wò mí lójú, ó sì purọ́. Nínú iṣẹ́ tiwa, Màmá, ìdọ̀tí á máa wọlé. Ó lè wọlé lọ́wọ́ èmi náà. Ẹni tó bá bò ó mọ́lẹ̀ ló ń pa gbogbo ìgò."

N kò mọ bóyá Mojíre ló ń bá wí ni tàbí èmi. Mo gbà á fún àwa méjèèjì.

Sẹ̀kínát wá yọ ìgò náà lábẹ́ ìbòrí rẹ̀. Dókítà gbé e sí ojú iná. Ó yí i lẹ́ẹ̀mejì. A kò mí.

"Ó mọ́," ó ní. Ó ka àwọn koríko inú rẹ̀ sókè. "Mọ́kànlá. Ta ló tọ́jú èyí?"

"Èmi ni," Sẹ̀kínát dáhùn, ó tún gèlè ṣe. "Orí fíríìjì ni mo gbé e sí. N kò fọwọ́ kàn án."

"Àlájà, tí ẹ bá ń wá iṣẹ́, ẹ wá rí mi."

Látọjọ́ yẹn, n kò tíì sinmi lẹ́nu Sẹ̀kínát.

Ilé ìtura náà gbà láti dúró títí òjò á fi lọ. Mojíre padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ipò ọ̀gá yàrá ìgò, Dókítà ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ mi kò bá mi wí lórí ọ̀rọ̀ yẹn rí. Èmi ni mo máa ń rántí rẹ̀ tí mo bá rí i tó ń wọ bàtà láàárọ̀.

Ó ti ń fi àmì sórí ìgò báyìí. ÌYÁ KORÍKO ló ń kọ, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé, ó sì ní nítorí mi ni. Mo ní kò burú, nítorí láìsí àmì, ìyá ni, ìyà náà ni. Ìyá ni mo kà á sí. Ìyà ni mo jẹ.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló gbé ìgò kan wálé. Ó ní Dókítà fọwọ́ sí i, ọ̀kan tó ṣẹ́kù ni, kò sí nínú ti ilé ìtura. Ó gbé e síwájú mi láìsọ nǹkan. Mo wo orí ìdérí rẹ̀. ÀṢÀBÍ ló kọ síbẹ̀.

"Tiyín ni lóòótọ́," ó ní. "Ẹ lè ṣí i nígbàkigbà tó bá wù yín."

Ó wò mí, ó sì wọ yàrá lọ sùn.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Ó wà níwájú mi lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí sí yín, gbogbo ilé ti dákẹ́. Ewé rẹ̀ pupa. Omi wẹ́wẹ́ ti bo inú ìgò, ó jọ pé wọ́n ń làágùn. Ó ń ṣe mí bíi kí n kàn ṣí i díẹ̀.

Mo ti jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹta lálẹ́ òní. Ìdí nìyẹn tí lẹ́tà yìí fi pẹ́.